Ọ̀nà Tí A Fi Ìṣẹ́jú Wọ̀n

Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù kọkànlá. Àwa mẹ́rin la wà nínú yàrá kan ní ilé-iṣẹ́ wa nílùú òyìnbó. Ọ̀gbẹ́ni Hádìn, ọ̀gá wa, jókòó sí ìdí tábìlì ńlá. Dẹ́nìsì, ẹnjiníà ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Nàìjíríà dé, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, awọ imú rẹ̀ ṣì ń bó nítorí oòrùn. Màgí tó ń bá wa tẹ̀wé mú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ dání. Èmi wà ní igun, ẹ̀rọ ìṣirò wà níwájú mi.

Dẹ́nìsì tẹ́ àwòrán ilẹ̀ kan sórí tábìlì. Ó fi ìka tọ ìlà pupa kan láti Ìjẹ̀bú-Òde, ó gba Ayépé kọjá, ó lọ títí dé ìlú kékeré tí ìlà náà parí sí. Wọ́n ti kọ orúkọ ìlú náà síbẹ̀, wọ́n ṣi lẹ́tà méjì kọ nínú rẹ̀. Ìlú wa ni. Ibi tí ìka rẹ̀ dúró sí gan-an ni ilé bàbá mi wà.

Mo fa ẹ̀rọ ìṣirò súnmọ́ra.

Ilé-iṣẹ́ wa kì í la ọ̀nà. A máa ń wọn ọ̀nà ni. Bí ìjọba kan bá fẹ́ yá owó láti fi ṣe ọ̀nà, ẹni tó fẹ́ yá a lówó á ní ká kọ́kọ́ bá òun wò ó bóyá ọ̀nà náà tó bẹ́ẹ̀. A ó ka ọkọ̀ tó ń gba ibẹ̀. A ó ṣírò ìṣẹ́jú tí ọ̀nà tuntun máa dín kù nínú ìrìn ẹnì kọ̀ọ̀kan. A ó wá wo ohun tí onítọ̀hún ń gbà níbi iṣẹ́, ká fi mọ iye tí ìṣẹ́jú rẹ̀ jẹ́. A ó ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, a ó sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí ọ̀nà náà máa náni. Bí ìṣẹ́jú bá wúwo ju ìnáwó lọ, a ó kọ ọ́ pé kí wọ́n ṣe é. Bí kò bá wúwo tó o, a ó kọ ọ́ pé kí wọ́n fi sílẹ̀.

Èmi ni mo máa ń ro ó.

Dẹ́nìsì ka ohun tó bá bọ̀. Ọkọ̀ tó ń gba ọ̀nà náà kò pọ̀. Kẹ̀kẹ́ ológeere àti ẹsẹ̀ ló pọ̀ jù. Àwọn àgbẹ̀ ni, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ díẹ̀, àwọn obìnrin tó ń ru gààrí lọ sọ́jà. Mo tẹ iye tí ìṣẹ́jú àgbẹ̀ kan ní ìlú wa jẹ́ sínú ẹ̀rọ. Ó kéré débi pé òdo méjì ló kọ́kọ́ jáde kí nọ́ńbà kankan tó tẹ̀lé e. Mo tún un tẹ̀. Àwọn òdo náà kò lọ.

Ọ̀gbẹ́ni Hádìn ní lójú òun, ọ̀nà yìí kò ní lè dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó ní kí n parí ìṣirò náà kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

*

Mo ti di ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́ta báyìí. Mi ò ní dárúkọ ìlú wa nínú ìwé yìí, nítorí àwọn tó wà níbẹ̀ kò rán mi níṣẹ́. Bí mo ṣe rìnrìn àjò wá sílùú òyìnbó kò ṣe pàtàkì. Ọkọ̀ òfuurufú gbé mi, ó sọ̀ mí kalẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni mí nígbà náà. Ìyá Bísí, ìyàwó mi, ti kú ní ọdún méjì ṣáájú. Àìsàn ló pa á, lórí bẹ́ẹ̀dì wa ní Ìjẹ̀bú-Òde. Mo sọ èyí nítorí pé àwọn tí mo bá sọ̀rọ̀ ọ̀nà yìí fún máa ń dúró de ìgbà tí ọ̀nà búburú máa pa ìyàwó mi. Kò pa á.

Mo pẹ́ kí n tó wọ ilé-ìwé. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí ní kíláàsì kìíní, orúnkún mi ń kan abẹ́ tábìlì. Káfíńtà ni bàbá wa, ó sì fẹ́ kí n ṣe é bíi tòun. Ẹ̀gbọ́n mi Súlè ló bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun nìkan tó iṣẹ́ náà, kí wọ́n jẹ́ kí n lọ. Bàbá kan náà ló bí wa. Ìyá tirẹ̀ ń lọ mọ́ṣáláṣí, ìyá tèmi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, bàbá wa kì í lọ síbì kankan bí iṣẹ́ bá wà lọ́wọ́.

Mo di akọ̀wé lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe ọ̀nà fún ìjọba, mo ń kàwé nírọ̀lẹ́, títí mo fi rí ẹ̀kọ́ ọdún méjì gbà nílùú òyìnbó. Nígbà tí ọdún méjì pé, iṣẹ́ yìí yọjú, mo gbà á. Ọmọ mi kan ṣoṣo, Bísí, ti lọ́kọ, ó ń ṣe tíṣà lọ́nà Ijagun. Ilé tí ǹ bá padà sí kò ní ẹnì kankan nínú.

Òtútù kọ́ ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù. Ìdákẹ́jẹ́ ni. Ní àárọ̀ ọjọ́ kìíní, àwọn èèyàn bíi mẹ́sàn-án tò síbi tí bọ́ọ̀sì ti ń gbéèyàn. Mo kí wọn bí wọ́n ti kọ́ mi nílé. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Obìnrin kan gbé báàgì rẹ̀ kúrò ní ọwọ́ kan sí èkejì. Ní ọjọ́ kejì mo rẹ ohùn mi sílẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta mo kí wọn nínú ọkàn mi, láti ọjọ́ náà ni mo sì ti ń kí wọn bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fún mi ni kí n jókòó sí oríta, kí n máa ka ọkọ̀. Ẹ̀rọ kékeré kan wà lọ́wọ́ mi tí mo ń fi àtàǹpàkò tẹ̀: ẹ̀ẹ̀kan fún ọkọ̀ kékeré, òmíràn fún ọkọ̀ akẹ́rù. Aago méje àárọ̀ títí di aago méjì. Nílé, kò sí iṣẹ́ tí kò ní ìkíni tirẹ̀. À ń kí ẹni tó ń gbálẹ̀, à ń kí ẹni tó jókòó lásán. Bí mo bá jókòó bẹ́ẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n á ti kí mi, wọ́n á ti bi mí ohun tí mò ń kà, ẹnì kan á ti gbé àpótí jókòó tì mí, á máa bá mi jiyàn bóyá kẹ̀kẹ́ tó gbé ewúrẹ́ kọjá jẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù. Níbí, mo kà á fún oṣù mẹ́rin kí ẹnì kan tó bá mi sọ̀rọ̀. Bàbá arúgbó kan ni, ó fa ajá lọ́wọ́. Ó ní iṣẹ́ òtútù mà nìyí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó lọ. Ọkọ̀ mẹ́ta ló kọjá tí mi ò tẹ̀ nítorí ayọ̀, mo sì ní láti fi wọ́n kún un láti inú ìrántí.

Mo máa ń dáná fún ẹni méjì láìmọ̀. Ọjọ́ kejì ni mo máa ń jẹ ìyókù.

Ọjọ́ Ìsinmi méjì-méjì ni mo máa ń pe ilé, láti inú àpótí tẹlifóònù ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Tẹlifóònù tí mò ń pè wà ní ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń ta oògùn nítòsí ilé Bísí. Bísí á ti jókòó dè mí lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ìró tó ń wá láti inú rẹ̀ dà bí òjò lórí páànù. A máa ń lo ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ láti bi ara wa bóyá à ń gbọ́ ara wa. Lẹ́yìn náà, á ní, "Bàámi, ṣé ẹ ti jẹun?" Mo máa ní mo ti jẹun. Á ní kí ni mo jẹ. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń purọ́.

*

Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ àwòrán ilẹ̀ yẹn, Dẹ́nìsì wá sí ìdí tábìlì mi. Ó mọ̀ pé ọmọ Nàìjíríà ni mí. Kò mọ̀ ju ìyẹn lọ. Ó kó ìdì fọ́ọ̀mù kan lọ́wọ́. Ó ní nǹkan kan wà tó ń jẹ òun lọ́kàn.

Ó ní òun rí òpópónà kan ní Ìjẹ̀bú-Òde tí wọ́n ti ń ta pákó. Àárín àwọn onípákó ni àwọn káfíńtà wà. Lẹ́yìn wọn ni àwọn tó ń fi ẹ̀rọ yí ẹsẹ̀ àga, àwọn tó ń rán tìmùtìmù, àwọn tó ń kun fáníìṣì, ṣọ́ọ̀bù ń ti ṣọ́ọ̀bù. Ó ní òun ronú pé bóyá èrè kan wà nínú pé wọ́n kó ara wọn jọ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀nà tó mú àwọn ará ìgbèríko súnmọ́ wọn lè mú ohun tó ju ìṣẹ́jú lọ wá, ohun tí ìṣirò wa kò rí. Nítorí náà ó ṣe fọ́ọ̀mù kan. Ó gba inú ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan, ó bi wọ́n bóyá wọ́n ní gbogbo irú pákó tí oníbàárà lè bèèrè. Bí wọ́n bá ní àwọn kò ní in tán, yóò mọ̀ pé wọ́n nílò ara wọn.

Gbogbo wọn pátá ló ní àwọn ní in. Ó ní òun ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan pé fún ara rẹ̀, kò sí ohun tó so wọ́n pọ̀.

Mo wo àwọn fọ́ọ̀mù náà. Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Màgí gbórí sókè. Kò tíì gbọ́ ẹ̀rín mi rí.

"Kí ló pa ọ́ lẹ́rìn-ín?" Dẹ́nìsì bi mí.

"Ìgbà wo lẹ lọ bi wọ́n?"

"Àárọ̀. Kí èrò tó pọ̀."

Mo ní, "Kò sí oníṣòwò Ìjẹ̀bú tó máa ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun kò ní."

Ó ní ṣùgbọ́n òun kò wá rajà. Mo ní ẹni tó bá wọlé láàárọ̀, oníbàárà ni títí yóò fi jáde.

Mo wá ṣàlàyé fún un. Bí oníbàárà bá wọlé tó bèèrè pákó tí onípákó kò ní, onípákó kò ní sọ pé kò sí. Yóò ní, "Ẹ jókòó." Yóò nu àpótí fún un, yóò ní kí wọ́n bu omi wá. Òun fúnra rẹ̀ yóò gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde lọ sí ṣọ́ọ̀bù aládùúgbò, yóò fa pákó náà yọ, yóò gbé e wọlé bí ẹni pé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ló ti mú un. Ìrọ̀lẹ́ ni àwọn méjèèjì yóò tó yanjú owó rẹ̀. Lọ́la, aládùúgbò ni yóò gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni káfíńtà tí ìdè ilẹ̀kùn, irin tí ilẹ̀kùn fi ń ṣí, tán lọ́wọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ẹ̀rọ ìfápákó rẹ̀ bàjẹ́.

"Nínú gbogbo ṣọ́ọ̀bù tẹ́ ẹ bèèrè," mo ní, "kò sí èyí tó pé. Òpópónà náà ló pé."

Dẹ́nìsì fa àga, ó jókòó.

Mo sọ fún un nípa káfíńtà kan ní ìlú tí ìlà pupa náà parí sí. Mi ò sọ pé ẹ̀gbọ́n mi ni. Mo ní ọkùnrin yìí kò lè ní kí ẹnikẹ́ni jókòó, nítorí oko ẹ̀gẹ́ ló wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Bí ìdè ilẹ̀kùn kan bá dín, kẹ̀kẹ́ ni yóò gùn, ọjọ́ ti lọ nìyẹn. Bí pákó bá ń fẹ́ ẹ̀rọ, yóò dúró de ọkọ̀ akẹ́rù fún ọ̀sẹ̀ kan. Ọwọ́ rẹ̀ kò burú ju ọwọ́ àwọn ti òpópónà yẹn lọ. Ó dá wà ni. Bí ọ̀nà bá dára, yóò dà bí ìgbà tí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn rẹ̀ náà ṣí sí òpópónà yẹn.

Dẹ́nìsì lọ pe Ọ̀gbẹ́ni Hádìn, mo tún gbogbo rẹ̀ sọ. Ọ̀gá wa kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó gbọ́ mi tán. Ó ní kí n kọ ọ́ sínú ojú ewé méjì, kí n mú un wá ní ọjọ́ Ajé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó yíjú padà.

"Ṣùgbọ́n kọ ohun tí yóò mú lọ náà síbẹ̀," ó ní. "Ohun tí ibì kan bá jèrè, wò ó bóyá ọwọ́ ibòmíràn kọ́ ló ti já a gbà."

Èmi náà ti rò ó. Mo kàn ń ṣe bí ẹni tí kò rò ó ni.

*

Mo ní kí Bísí mú Ẹ̀gbọ́n Súlè wá sídìí tẹlifóònù ní ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ó gun kẹ̀kẹ́ wá láti ìlú wa. Mo gbọ́ bó ṣe ń mí.

"Àbúrò mi, òtútù ò tíì jẹ ọ́ tán?"

Mo ní ó ku díẹ̀.

Ó ní òyìnbó kan wá ka kẹ̀kẹ́ àwọn, wọ́n fi ọsàn ṣe é lálejò. Ọ̀nà ọlọ́dà ń bọ̀ nìyẹn. Ó ní àwọn ìyàwó ti bẹ̀rẹ̀ sí í pín ibi tí wọ́n á máa ta nǹkan sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Mi ò sọ fún un pé ọ̀dọ̀ mi ni ìwé òyìnbó náà wà. Mo bi í pé bí ọ̀nà bá dára, kí ni yóò ṣe.

"N ó gba ṣọ́ọ̀bù ní Ìjẹ̀bú-Òde. Láàárín àwọn onípákó."

"Ẹ ò ní ṣiṣẹ́ nílé mọ́?"

"Kí ni n ó máa ṣe nílé? N ó máa sùn síbẹ̀. Àárọ̀, n ó wọkọ̀ lọ. Ìrọ̀lẹ́, n ó wọkọ̀ bọ̀. Télọ̀ náà sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń jó irin náà sọ bẹ́ẹ̀."

"Ta ló máa wá wà nílùú lọ́sàn-án?"

"Àwọn adìẹ."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Lẹ́yìn náà, ohùn rẹ̀ yí padà. "Ìwọ tó ò ń bi mí," ó ní, "ṣé o bi ẹnì kan léèrè ẹni tó máa ṣẹ́kù kí ìwọ tó lọ?"

Owó inú àpótí tán.

Mo fẹsẹ̀ rìn padà sílé lọ́jọ́ náà. Ìlú tí mò ń gbé, òwú ló kó àwọn èèyàn jọ síbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kan wá, òmíràn tẹ̀lé e nítorí pé èkíní wà níbẹ̀, àwọn tó ń pa aṣọ láró tẹ̀lé àwọn tó ń hun ún, àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe tẹ̀lé gbogbo wọn. Lẹ́yìn náà, àwọn èèyàn láti òkè òkun tẹ̀lé iṣẹ́. Òwú ti lọ báyìí. Àwọn ilé gíga tí èéfín ti ń jáde dúró lásán, fèrèsé wọn ti fọ́. Àwọn tí wọ́n kó jọ ṣì wà níbẹ̀, wọ́n ń to ìlà, wọn kì í kí ara wọn.

Àwọn àgbà ní èèyàn laṣọ. Mo máa ń gbọ́ ọ láti kékeré, mo rò pé ọ̀rọ̀ ìtùnú ni. Bí èèyàn bá jẹ́ aṣọ, a jẹ́ pé ọ̀nà rere lè bọ́ ọ lára ìlú kan kó wọ̀ ọ́ fún òmíràn. Ìlú tó wọ̀ ọ́ á máa dán. Kò sẹ́ni tó ń lọ ka ìhòòhò èkejì. Èmi gan-an, ara aṣọ tí wọ́n bọ́ ni mo wà. Kò sì tíì dá mi lójú pé ibi tí mo wà yìí wọ̀ mí.

*

Mo kọ ojú ewé méjì náà ní ọjọ́ Sátidé, láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Èyí àkọ́kọ́ rọrùn. Mo kọ bí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ṣe ń ṣiṣẹ́, àti bí oníṣẹ́ ọwọ́ kan náà ṣe ń ṣe ju ti tẹ́lẹ̀ lọ bí ó bá wà láàárín àwọn tó kù.

Ojú ewé kejì ló jẹ ọjọ́ mi. Mo kọ ọ́ pé àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ìlú kékeré náà á máa kó lọ sí òpópónà yẹn. Mo kọ ọ́ pé a kò gbọ́dọ̀ ka ohun tí wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀ mọ́ èrè tuntun. Kí a yọ ọ́ kúrò. Obìnrin tó ń se ẹ̀wà fún àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn kò ní rẹ́ni tà fún. Mo kọ ọ́ pé lẹ́yìn tí a bá yọ gbogbo èyí, nǹkan ṣì máa kù, ṣùgbọ́n kò tó bí ojú ewé kìíní ṣe mú un dà.

Mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Ojú ewé kìíní lè gbé ọ̀nà náà dé ibi tó ń lọ. Ojú ewé kejì lè dá a padà. Ẹ̀gbọ́n tó dúró sídìí iṣẹ́ kí èmi lè lọ sílé-ìwé ń fi kẹ̀kẹ́ gbé pákó ní ẹni tó lé lọ́gọ́ta ọdún, ó sì ń retí ọ̀dà. Mo ya ojú ewé kejì sọ́tọ̀. Mo jẹun. Mo tún gbé e padà sábẹ́ èkíní. Nísàlẹ̀ rẹ̀, mo fi ìlà kan kún un: Ọmọ ìlú yìí ni mí, káfíńtà tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ni.

Màgí dé ìlà yẹn nígbà tó ń tẹ̀ ẹ́, ó dúró.

"Ṣé kí n tẹ èyí náà?"

"Tẹ̀ ẹ́."

"Kò sẹ́ni tó bi ọ́."

"Mo mọ̀."

Ọ̀gbẹ́ni Hádìn kà á lójú mi. Ó bi mí láti ìgbà wo ni mo ti mọ̀. Mo ní láti ọjọ́ tí wọ́n tẹ́ àwòrán ilẹ̀. Ó ní ọjọ́ náà ló yẹ kí n ti sọ ọ́. Òótọ́ ni. Ó gba fáìlì náà lọ́wọ́ mi, ó gbé e fún ẹlòmíràn, ó sì dá mi padà sí oríta láti máa ka ọkọ̀. Mo wà níbẹ̀ títí òtútù fi kásẹ̀ nílẹ̀. Dẹ́nìsì ló wá bá mi níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó ní ṣé òun lè gba ẹ̀dà ojú ewé méjèèjì. Ó ká a, ó fi í sínú àpò àyà rẹ̀. Mo rántí ìyẹn ju ọ̀pọ̀ nǹkan lọ.

Oṣù kẹrin ni ọ̀gá wa pè mí wọlé. Ó ti ilẹ̀kùn. Ó ní ọ̀nà náà kò tó o. Wọ́n máa tún àwọn afárá kéékèèké tó wó ṣe, kò sí ọ̀dà.

Mo bi í bóyá ojú ewé kejì mi ló pa á.

Ó ní rárá. Ó ní kò sí ọ̀kankan nínú méjèèjì tó wọ inú ìṣirò. Òfin tí a fi ń wọn ọ̀nà kò tíì ní àyè fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Àwọn fi í sẹ́yìn ìwé àbọ̀ náà, kí ẹni tó bá ráyè lè kà á.

Mo dúpẹ́, mo jáde. Mo ti bá ara mi jà ní odindi ọjọ́ kan lórí ìwé tí ẹnikẹ́ni kò ní rò mọ́ nǹkan, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní yọ kúrò nínú nǹkan. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ara mi kò gbóná, kò tutù. Ó kàn rẹ̀ mí.

*

Mo pe ilé ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e. Bísí ti mú Ẹ̀gbọ́n wá. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: àwòrán ilẹ̀, ìṣirò, ojú ewé méjì, ìlà tó kẹ́yìn.

"Ìwọ lò ń ro ó?"

"Èmi ni, Ẹ̀gbọ́n."

"Ìṣẹ́jú mi, èló lẹ pè é?"

Mo sọ fún un.

Ó ní, "Ó ti pọ̀ jù. Ẹni tó ń fi ọ̀sẹ̀ kan dúró de ẹ̀rọ ìfápákó, ìṣẹ́jú rẹ̀ ò tó bẹ́ẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín, kò pẹ́ títí. Lẹ́yìn náà ó ní kí n gbọ́ òun dáadáa kí owó mi tó tán.

Ó ní òun ti fi ogún ọdún retí ọ̀nà, ó ti sú òun. Onípákó kan ti fún òun ní igun ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde. Bí kò bá sí ọ̀nà tí òun lè máa gbà lọ gbà bọ̀, òun á kó lọ pátápátá ni. Ohun kan ló kù. Bẹ́ǹṣì ìrókò tí bàbá wa fi ń ṣiṣẹ́ kó tó kú, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni bàbá rì mọ́lẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀ ilé. Bí wọ́n bá hú u, ilẹ̀ yóò ṣí, ṣọ́ọ̀bù náà parí nìyẹn. Àwọn ẹbí kò ní gbà kí ẹnì kan dá a hú.

"Tiwa méjèèjì ni," ó ní. "Bí o bá ní kí n fi í sílẹ̀, n ó fi í sílẹ̀. N ó máa ṣiṣẹ́ lórí tàwọn ẹlòmíràn. Bí o bá ní kí n hú u, kọ ọ́ sínú ìwé, kí wọ́n má baà ní mo jí i."

Mo ní kó jẹ́ kí n rò ó mọ́jú. Ó ní kò burú, òun náà ti rò ó fún ìgbà pípẹ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo jí ní aago mẹ́fà. Mo fa ìwé kan yọ, mo kọ ọ́ ní Yorùbá, pẹ̀lú ọjọ́ àti orúkọ mi ní kíkún. Mo ní kí Ẹ̀gbọ́n Súlè hú u. Mo ní kó hú u tòun ti ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kó má gé ọ̀kankan nínú wọn, kó sì kó iyẹ̀pẹ̀ dí ihò náà dáadáa kí ẹnikẹ́ni má baà ṣubú síbẹ̀. Mo lẹ ẹnu àpò ìwé náà. Nígbà tí mo dé ilé ìfìwéránṣẹ́, wọn kò tíì ṣílẹ̀kùn. Mo dúró dè wọ́n. Mo pẹ́ dé ibi iṣẹ́.